Aago, Ìlà àti Pàṣán: Ìtàn Ìtọ́jú Kíláàsì láti Àgbádárìgì dé Thamesmead

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn òbí Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Thamesmead, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí gidigidi lónìí. Bí ìwé bá ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé pé ọmọ kò jókòó jẹ́ẹ́, pé ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí tíṣà ń sọ̀rọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá máa ń wí ni pé: “Ẹ̀yin òyìnbó ni ẹ kò jẹ́ na ọmọ. Nílé tiwa, pàṣán ni a fi ń tọ́ ọmọ ní sùkúrù. Ìdí nìyẹn tí kíláàsì wa fi ń pa rọ́rọ́.” Òbí mìíràn a tilẹ̀ sọ fún tíṣà pé, “Ẹ bá mi nà án, mo fún yín láṣẹ.” Ẹ̀rù a ba tíṣà, òbí a bínú, ọmọ a dúró sí àárín àwọn méjèèjì, kò ní mọ ti ẹni tí yóò tẹ̀ lé.

Mo fẹ́ kí á fi ojú ìtàn wo ọ̀rọ̀ yìí. Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé pàṣán ni ó mú kíláàsì wa dúró? Ǹjẹ́ òótọ́ sì ni pé tiwa nìkan ni pàṣán sùkúrù, tí òyìnbó kò mọ̀ nípa rẹ̀? Bí a bá tọpa ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a óò rí i pé nǹkan mìíràn ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí a ń fi ògo rẹ̀ fún pàṣán. A óò sì rí i pé ohun tí a sọnù ní ọ̀nà àjò kì í ṣe pàṣán.

Kí sùkúrù tó dé

Yorùbá ti ń tọ́ ọmọ kí ìwé tó dé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹni tí yóò gbálẹ̀ mọ ara rẹ̀, ẹni tí yóò pọn omi mọ ara rẹ̀, ẹni tí yóò tú adìyẹ sílẹ̀ náà mọ ara rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń pàṣẹ wọ̀nyí lákọ̀tun lójoojúmọ́, nítorí wọ́n ti di bárakú. Bí alẹ́ bá lẹ́, tí àwọn ọmọ péjọ sábẹ́ òṣùpá tí ariwo wọn gba gbogbo agbo ilé, àgbà tí yóò pàlọ́ kì í jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n dákẹ́. “Àlọ́ o!” ni yóò wí. Gbogbo wọn a dáhùn pé, “Àlọ̀!” Lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn a di ọ̀kan, etí wọn a sì ṣí sílẹ̀.

Àgbà a sì máa fi ojú sọ̀rọ̀. Bí àlejò bá wà nílé tí ọmọ sì fẹ́ ṣe ohun tí kò yẹ, ìyá rẹ̀ a wò ó lẹ́ẹ̀kan, ọmọ a sì ti mọ ohun tí ó kàn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Èmi kò sọ pé ẹgba kò sí. Ẹgba wà, àtòrì sì wà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ni wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí á fi tòsì fà á mọ́ra. Ìkẹyìn ni ẹgba ń bọ̀, kì í ṣe òun ni ó ń ṣáájú.

Ilé-kéú náà ti wà ní ilẹ̀ wa tipẹ́ kí àwọn míṣọ́nnárì tó gúnlẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan a gbé wàláà rẹ̀ dání, a máa ké èyí tí ó kàn án, ẹni tí ó bá sì ti mọ̀ jù a máa kọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àáfà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ kí àáfà kan ṣoṣo lè bójú tó ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba ni pé àgbà ń kọ́ kékeré. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Mọ́nítọ̀ láti Southwark

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1843, Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin de Graft, tí wọ́n ti Gold Coast wá, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọmọ ní ibẹ̀. Ní 1846 ìjọ CMS dé Abẹ́òkúta. Ní 1853, Àlùfáà David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ dé Ìbàdàn. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, fún wọn láti kọ́ níwèé, ilé àwọn Hinderer ní Kúdẹtì sì di ilé àti sùkúrù fún àwọn ọmọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìwé, orin àti aṣọ rírán.

Báwo ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe mọ bí a ti í darí kíláàsì? Láti dáhùn èyí, ẹ jẹ́ kí á padà sí ẹ̀bá odò Thames, sí Southwark, tí kò jìnnà sí ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Joseph Lancaster ní sùkúrù àwọn ọmọ tálákà ní Borough Road. Ọmọ pọ̀ níwájú rẹ̀, kò sì ní owó tí yóò fi gba olùkọ́ púpọ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà díẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì ń kọ́ àwọn kékeré. Àlùfáà Andrew Bell ti dán irú rẹ̀ wò ní Madras ní ilẹ̀ Íńdíà ṣáájú. Ìjọ Áńgílíkà gba ètò Bell, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ National Society sílẹ̀ ní 1811 láti tàn án kálẹ̀. Àwọn ọmọ tí ń kọ́ ọmọ yìí ni à ń pè ní mọ́nítọ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tí ilé-kéú ń ṣe nílé ni òyìnbó náà ń ṣe?

Lancaster alára kò fẹ́ràn pàṣán. Ṣùgbọ́n ẹ má yìn ín jù, nítorí ìtìjú ni ó fi rọ́pò rẹ̀. A máa so ìtì igi mọ́ ọmọ lọ́rùn, a sì máa gbé òmíràn sínú apẹ̀rẹ̀ kọ́ sókè kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọ̀pọ̀ sùkúrù mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, pàṣán ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ẹni tí ń bi í.

Ètò mọ́nítọ̀ yìí ni àwọn míṣọ́nnárì gbé lọ sí Sàró, láti ibẹ̀ ni ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rí rẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì mú un dé Sàró. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí òun lo nǹkan bí oṣù 6 ní sùkúrù, òun ti ń ka Májẹ̀mú Titun, wọ́n sì sọ òun di mọ́nítọ̀, pẹ́ńsì 7½ sì ni owó òun lóṣù. Ní 1826 wọ́n mú un wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lọ sí sùkúrù ìjọ ní Islington fún oṣù díẹ̀. Nígbà tí àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé láti nǹkan bí 1839, tí wọ́n di tíṣà ní Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta àti Èkó, ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni àwọn náà fi kọ́ni: mọ́nítọ̀, aago, ìlà, ìwé orúkọ, àti pàṣán pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé pàṣán sùkúrù jẹ́ ti Yorùbá nìkan, ẹ bi í léèrè ibi tí sùkúrù gan-an ti wá.

Nígbà tí ìjọba ń san owó fún ìwà

Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ìwà ọmọ nínú kíláàsì ń mówó wọlé. Ní 1862, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìlànà kan pé ohun tí ọmọ bá mọ̀ lọ́jọ́ tí olùbẹ̀wò bá dé ni wọn yóò fi díwọ̀n owó ìrànlọ́wọ́ tí sùkúrù yóò gbà. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 mú irú èrò bẹ́ẹ̀ wá sí Èkó. Nígbà tí ó di 1916, Lugard, gómìnà àgbà Nàìjíríà, yí i padà. Ó pín máàkì sùkúrù sí ọ̀nà mẹ́rin. Nínú 100, ó fi 40 fún ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú, 20 fún iye àti ìmọ̀ àwọn tíṣà, 10 fún ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. 30 tí ó kù jẹ́ ti ìwà, ìletò àti ẹ̀kọ́ ọmọlúwàbí.

Ẹ wo èyí dáadáa. Máàkì tí ó wà fún ìletò ju èyí tí ó wà fún tíṣà lọ. Abájọ tí gbogbo sùkúrù fi ń mì lọ́jọ́ tí ìńsípẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀! Wọ́n á fi ẹfun kun òkúta etí ọ̀nà, wọ́n á ge koríko mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ á fi àìmọye ọjọ́ kọ́ bí wọn yóò ṣe dìde lẹ́ẹ̀kan náà kí àlejò. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kíláàsì di ohun tí ìjọ fi ń jẹun. Tíṣà tí ọmọ rẹ̀ bá ń pariwo lè pàdánù iṣẹ́. Kò yà mí lẹ́nu pé pàṣán kò kúrò lórí tábìlì.

Bí ọjọ́ ti ń lọ

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọjọ́ kan ti ń lọ ní sùkúrù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá láàárín ọ̀rúndún ogún. Ohun tí mo fẹ́ sọ wà nínú rẹ̀.

Aago ni ó ń ṣáájú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, àgékù irin rélùwéè tí a so rọ̀ sára igi ni aago, ọmọ kan ni a sì yàn láti máa lù ú. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kíní, àwọn ọmọ á sáré gbálẹ̀, wọ́n á pọn omi sínú ìkòkò. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo wọn á tò sí ìlà, kíláàsì ní kíláàsì, kékeré níwájú, gíga lẹ́yìn. Tíṣà á yẹ èékánná, eyín, irun àti aṣọ wò. Orin á dún, àdúrà á tẹ̀ lé e, wọ́n á sì yan wọlé. Nínú kíláàsì, wọ́n á dìde kí tíṣà pẹ̀lú ohùn kan, wọ́n á jókòó, tíṣà á pe orúkọ. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò àfọkànṣe, ìwé kíkà, ìwé kíkọ. Mọ́nítọ̀ á pín ṣọ́ọ̀kì àti ìwé, á nu pátákó. Bí tíṣà bá jáde, mọ́nítọ̀ á kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá gba ìdáhùn, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀sán, wọ́n á jáde lọ jẹun. Ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ wà fún lébọ̀, tí oníkálukú á mú àdá wá láti ilé. Orin ìpárí á dún, ó dọ̀la.

Ẹ ka iye ìgbà tí ọmọ yóò fi ṣíwọ́ nǹkan kan láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn nínú ọjọ́ yìí. Àárín ohun méjì ni ìjàngbọ̀n ti ń wọ kíláàsì: nígbà tí a bá ń wọlé, nígbà tí a bá ń jáde, nígbà tí a bá ń pín ìwé. Ní gbogbo irú ibi bẹ́ẹ̀, sùkúrù wa ti fi nǹkan dí ihò náà. Orin dí òmíràn, ìlà dí òmíràn, mọ́nítọ̀ dí òmíràn. Ọmọ kò ní láti máa ro ohun tí ó kàn, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ta wá ni ó ń jẹ ẹgba? Àwọn tí ó pẹ́ dé, àwọn tí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ mọ́nítọ̀, àti àwọn tí kò mọ ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ti ìkẹta yìí. Ọmọ tí a nà nítorí pé kò mọ 7 lọ́nà 8 kò hu ìwà búburú kankan. Irú wọn ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ń sá sùkúrù, tí wọ́n ń fi ara pamọ́ sínú igbó títí aago á fi dún. A máa ń ka àwọn tí pàṣán tọ́ yanjú. Àwọn tí ó lé lọ kò sí nílé láti dáhùn nígbà tí à ń pe orúkọ.

Ọdún 1955 àti èrò tí ó ya wọlé

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. S. O. Awókọ́yà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tí ó gbé ìwé ètò náà kalẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó ń kàwé lónìí ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Ní 1954, ọmọ 456,600 ni ó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Ìyẹn ni pé níbi tí ọmọ 100 wà lánàá, nǹkan bí 178 ni ó jókòó lónìí.

Ibo ni tíṣà yóò ti wá? Kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi St Andrew’s ní Ọ̀yọ́ àti Wesley ní Ìbàdàn ń ṣe ti wọn, ìjọba sì dá ọ̀pọ̀ tuntun sílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tíṣà ni ó wọ kíláàsì láìtíì kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ètò kan náà fún gbogbo Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án 1976, ìṣòro yìí tún padà wá. Tíṣà tí kò mọ bí a ti í to ọjọ́ fún ọmọ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ni ó kù sí i lọ́wọ́? Lójú tèmi, ìgbà yìí gan-an ni pàṣán bẹ̀rẹ̀ sí ṣe iṣẹ́ tí ètò ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe àárò pàṣán lónìí, ohun tí wọ́n rántí ni sùkúrù tí èrò pọ̀ jù fún.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà láti ilé. Ní 1970, ní sùkúrù St Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ohun tí à ń sọ, yóò ṣe é. Nínú ohun tí à ń pè ní orí kunkun, àìgbọ́-èdè wà nínú rẹ̀.

Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbé pàṣán jù sílẹ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni òyìnbó kò ti na ọmọ. Ilẹ̀ Pólándì ti fi òfin lé pàṣán kúrò ní sùkúrù láti 1783, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ́ kí ó tó gbà. Ní 1967, ìgbìmọ̀ tí Ìyáàfin Bridget Plowden jẹ́ alága rẹ̀ dábàá pé kí a dá nínà dúró ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1973, ILEA, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ àárín Lọ́ńdọ̀nù, dá a dúró ní àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó sì dá a dúró ní gbogbo sùkúrù rẹ̀ ní 1981. Ní 1982, ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg dá àwọn ìyá méjì láti Scotland láre, tí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí a na ọmọ àwọn. Ní oṣù keje 1986, àwọn aṣòfin dìbò: 231 ní kí pàṣán lọ, 230 ní kí ó dúró. Ìbò kan ṣoṣo! Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ 1987 fún àwọn sùkúrù ìjọba. Àwọn sùkúrù aládàáni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bọ́ sábẹ́ rẹ̀ pátápátá títí di 1999.

Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà tí ó yẹ kí á fi tì í. Ní 1974 àti 1975, ní sùkúrù William Tyndale ní Islington, níbi tí Crowther ti kàwé rí, àwọn tíṣà kan pinnu pé kí ọmọ máa yan ohun tí ó wù ú láti ṣe. Ètò ọjọ́ túká. Àwọn òbí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí kó ọmọ wọn kúrò. ILEA gbé agbẹjọ́rò àgbà Robin Auld dìde láti wádìí, ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1976, ó sì bá àwọn tíṣà àti ìgbìmọ̀ náà wí. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ILEA, pàṣán ti lọ láti 1973. Kì í ṣe àìsí pàṣán ni ó fọ́ sùkúrù yìí, nítorí àwọn sùkúrù tí ó kù kò ní pàṣán, wọn kò sì fọ́. Àìsí ètò ni.

Lẹ́yìn 1987, àwọn tíṣà bẹ̀rù pé apá àwọn kò ní ká ọmọ mọ́. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Lord Elton dìde, ó sì jábọ̀ ní 1989. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìjà àti lílu tíṣà ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ó ń dá kíláàsì láàmú ni àwọn nǹkan kéékèèké tí kò dáwọ́ dúró: sísọ̀rọ̀ láìsí àyè, dídí ẹlẹgbẹ́ lọ́wọ́, fífi iṣẹ́ ṣeré. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí òfin má pọ̀, kí ó yé ọmọ, kí gbogbo tíṣà pa á mọ́ bákan náà, kí òbí sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ sùkúrù àtijọ́ nílé kò ní rí ohun àjèjì nínú èyí.

Ọ̀rọ̀ kan Thamesmead

Ilẹ̀ àbàtà ni Thamesmead tẹ́lẹ̀, apá kan rẹ̀ jẹ́ ti Royal Arsenal, ilé-iṣẹ́ ohun-ìjà ìjọba. Ní 1967 ni ìgbìmọ̀ GLC bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé síbẹ̀, àwọn ará ilé àkọ́kọ́ sì kó wọlé ní 1968. Ààlà Greenwich àti Bexley gba inú ìlú náà kọjá. Greenwich wà lábẹ́ ILEA títí wọ́n fi tú ìgbìmọ̀ náà ká ní 1990, Bexley kò sí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí kó lọ síbẹ̀ wọ̀ọ́wọ̀ọ́ láti àwọn ọdún 1990, pàṣán ti di ìtàn ní apá méjèèjì. Òbí tí ó ń béèrè rẹ̀ ń béèrè ohun tí tíṣà kò lè fún un láìrú òfin.

Ní Town Centre, ilé aago kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1762 fún ọgbà ọkọ̀ ojú omi ọba ní Deptford, tí wọ́n sì gbé wá síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Aago yẹn ni ó ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ Deptford ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ìgbà tí wọn yóò ṣíwọ́. Àgékù irin rélùwéè tiwa nílé, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe. Ohun tí ọmọ wa bá pàdé nínú kíláàsì ní Thamesmead kò yàtọ̀ púpọ̀: wọ́n ń tò sí ìlà ní pápá, tíṣà ń pe orúkọ, ètò ọjọ́ wà lára ògiri pẹ̀lú àwòrán, ọmọ kan ni a yàn láti ṣáájú ìlà, òmíràn ń pín ìwé. Bí ariwo bá pọ̀, tíṣà a pàtẹ́wọ́ lọ́nà kan, àwọn ọmọ a pàtẹ́wọ́ dá a lóhùn. Kí ni èyí bí kò ṣe “Àlọ́ o”?

Níbo wá ni ìjà ti ń wá? Mo rí ibi mẹ́ta. Èkíní ni ojú. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa nílé Yorùbá kì í tẹjú mọ́ àgbà tí ń bá a wí. A máa wolẹ̀. Tíṣà òyìnbó a ní, “Wò mí lójú bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀,” a sì rò pé ọmọ ń ṣe àfojúdi tàbí pé ó ń purọ́. Ọmọ a wá jẹ̀bi nítorí ìwà rere. Òbí tí ó bá lọ ṣàlàyé èyí fún tíṣà ní ọ̀sẹ̀ kìíní ti gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyà.

Èkejì ni ìwé orúkọ. Láàárọ̀ kùtù, tíṣà a pe Olúwáṣeun tàbí Ayọ̀mídé ní ọ̀nà tí kíláàsì yóò fi bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tí a fi orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ kí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ṣé a retí kí ó jókòó jẹ́ẹ́ títí ọ̀sán? Ẹ kọ́ tíṣà ní orúkọ ọmọ yín. Ẹ má gé e kúrú nítorí ìtìjú.

Ẹ̀kẹta ni ilé. Bí ọmọ bá mọ̀ pé ẹ̀rù ẹgba nìkan ni ó ń mú òun jókòó nílé, yóò tètè mọ̀ pé kò sí ẹgba ní sùkúrù, yóò sì ṣe bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ní àkókò tí ó ń sùn, tí ó ń di báàgì rẹ̀ lálẹ́, tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ nílé láìsí ẹni tí ń jágbe mọ́ ọn, ètò yẹn ni yóò gbé wọ kíláàsì. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo mọ̀ pé ó nira. Ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án, kò sí ìyá àgbà nílé tí yóò pàlọ́. Ìyá àgbà yẹn, àti agbo ilé tí ó yí i ká, ni ohun tí a sọnù ní ọ̀nà àjò. Pàṣán kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ sì rántí pé láti ìgbà òfin ọmọdé ti 2004, òbí tí ó bá na ọmọ tí ó fi lé àpá sí i lára nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè sọ nílé-ẹjọ́ mọ́ pé ìbáwí ni. Ẹjọ́ irú èyí ti tú ilé ká rí.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún lọ rí tíṣà, ẹ má sọ pé “Ẹ nà án.” Ẹ bi í pé: “Àwọn òfin kíláàsì yín dà? Ìgbà wo nínú ọjọ́ ni ọmọ mi máa ń ṣe ìjàngbọ̀n? Iṣẹ́ wo ni ẹ lè gbé fún un?” Ọmọ Òṣogùn tí a gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, tí kò gbọ́ èdè, iṣẹ́ mọ́nítọ̀ ni wọ́n gbé fún un láàárín oṣù 6. Ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní èrò tí ó yàtọ̀, tàbí bí tíṣà kan bá wà láàárín wa tí ó ní ohun tí yóò fi kún un, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí olóòtú. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí á fi àjò sọ ọmọ nù. Ire o.